Iṣẹ́ ìránṣẹ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti inú yàrá yín

Tí ẹ bá wọ yàrá mi ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ kùtù, ohun tí ẹ máa bá lórí tábìlì ni fóònù méjì, máìkì oníwáyà kan, dùùrù kékeré kan, ìwé orin tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, àti ife omi gbígbóná. Aṣọ ìbora méjì wà lára ògiri. Tó bá di aago mẹ́fà géérégé, mo tẹ bọ́tìnì tó ń gbé ètò mi jáde láìfù lórí YouTube, mo kọ orin kan, mo ka Bíbélì, mo gbàdúrà, mo tún kọ orin kan sí i. Ogún ìṣẹ́jú, ó ti parí.

Àwọn tó bá fẹ́ dá irú ẹ̀ sílẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bi mí pé irú kámẹ́rà wo ni mò ń lò. Mi ò ní kámẹ́rà. Etí ni iṣẹ́ yìí ń bá sọ̀rọ̀, ohun tí mo sì fẹ́ sọ níbí kò fi bẹ́ẹ̀ ju bí ẹ ṣe lè ṣètọ́jú etí àwọn èèyàn lọ. Kì í kúkú ṣe àwa la kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gbé orin ìyìn wọ ilé onílé. Láàárín àwọn ọdún 1920, Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin 43 sínú àwo giramafóònù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Kò sẹ́ni tó rí ojú ẹ̀ nínú àwo yẹn. Ohùn ẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo

Ẹ má sọ pé "gbogbo ayé" lẹ fẹ́ kọrin fún. Ẹ mú ẹnì kan tí ẹ mọ̀. Ẹni tèmi ni àbúrò bàbá mi obìnrin, Àǹtí Iléṣà la máa ń pè é. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú ẹ̀ ò ríran tó bó ṣe yẹ mọ́, orúnkún ò sì jẹ́ kó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Dátà tí ọmọ ẹ̀ ń rà fún un kì í pẹ́ tán. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ fi nǹkan tuntun kún ètò náà, ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: ṣé èyí á dé ọ̀dọ̀ Àǹtí? Nítorí tiẹ̀ ni ètò náà ò fi ju ogún ìṣẹ́jú lọ, nítorí tiẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń ka ẹsẹ orin kọ̀ọ̀kan sókè kí n tó kọ ọ́. Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì lẹ ní lọ́kàn, tiyín lè yàtọ̀ pátápátá: aago mẹ́wàá alẹ́, gìtá, ìjíròrò. Kò sí aburú ńbẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan aago, kẹ́ ẹ má sì yẹ̀ ẹ́

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mọ́sálásí àdúgbò wa ló sì máa ń pe ìrun àsùbá ní nǹkan bí àsìkò yẹn. Mo sún tèmi sí aago mẹ́fà, kálukú ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jókòó nínú yàrá yín láàárọ̀ mẹ́ta kí ẹ tó mú aago, kí ẹ sì kọ gbogbo ariwo tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀: ìgbà tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, ìgbà tí ọlọ́mọ ń pariwo bọ́ọ̀sì ilé ìwé.

Ẹ ṣírò ti àwọn tó wà lẹ́yìn odi náà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ní Nàìjíríà, aago mẹ́fà kan náà ni ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, àmọ́ tí wọ́n bá ti dá aago padà nígbà òtútù, aago márùn-ún ni níbẹ̀. Ní Houston, aago méjìlá òru ni nígbà ooru, aago mọ́kànlá alẹ́ nígbà òtútù. Mo rò pé àwọn ará Houston ò lè rí tèmi gbọ́ rárá, àfìgbà tí ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé orin òwúrọ̀ mi lòun fi ń sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: orin ta ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé orin tó bá ti wà nínú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, ti gbogbo wa ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin wà títí 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Ẹ̀tọ́ tó wà lára ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, 50 ọdún ni tìyẹn, látìgbà tí wọ́n ti gbé e jáde. Nítorí náà, Fanny Crosby tó kú ní 1915 àti Ransome-Kuti tó kú ní 1930, ẹ lè kọ orin wọn láìbẹ̀rù. Àmọ́ orin tí wọ́n ń pè ní How Great Thou Art, tí gbogbo wa rò pé àtayébáyé ni, Stuart Hine tó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ kú ní 1989. Ẹ ka 70 lé e, ẹ ó rí i pé ó di òpin 2059. Ẹni tó túmọ̀ orin sí Yorùbá náà ní ẹ̀tọ́ lórí ìtumọ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó tún orin tò.

Ohun tí mò ń ṣe rọrùn: mo kọ orúkọ orin 60 tí àwọn tó kọ wọ́n ti kú tipẹ́ sínú ìwé kan, orúkọ olùkọ̀wé àti ọdún tó kú sì wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Inú wọn ni mo ti ń mú. Orin tuntun tí mo bá fẹ́, mo máa ń kọ̀wé sí ẹni tó ni ín. Àwọn akọrin wa kì í sábà kọ̀ tí èèyàn bá béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àjọ tó ń bá àwọn olórin gba owó ẹ̀tọ́ wọn ní Nàìjíríà ni MCSN. Ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà lè lọ gba ìwé àṣẹ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ CCLI.

Ẹ má lọ fa orin aláìlọ́rọ̀ tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀ lórí YouTube kí ẹ wá kọrin lé e. Ó ní ẹni tó ni ín. Ẹ fi dùùrù yín kọ ọ́, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n tẹ̀ púpọ̀. Tí YouTube bá sọ pé orin yín jọ ti ẹnì kan, tó sì dá yín lójú pé ẹ̀yin lẹ tẹ dùùrù, pé orin náà sì ti dòmìnira, ẹ ta kò ó níbẹ̀. Ẹni tó ní òun ló ni ín ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìkìlọ̀ gidi tí wọ́n ń pè ní strike: mẹ́ta irú ẹ̀ láàárín 90 ọjọ́, wọ́n lè ti ojú òpó yín pa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ba nǹkan jẹ́. Ohùn orin tó ti ilẹ̀ òyìnbó wá kò mọ̀ pé èdè wa ní òkè àti ìsàlẹ̀. T.K.E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún Kàtídírà tó wà ní Marina l'Ékòó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ẹ fi ọ̀wọ̀ fún Olúwa." Ẹ rántí dò-re-mí tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Ọ̀wọ̀ jẹ́ dò-dò. Tí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, láti re sí dò, ẹ ti kọ ọwọ̀. Ìgbálẹ̀ nìyẹn. Tó bá gun òkè, láti re lọ sí mí, ó di ọwọ́. Ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ń wo ìwé orin, ó mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Àǹtí Iléṣà ò rí ìwé. Ohun tó gbọ́ ló gbọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń ka ẹsẹ kan jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, màá kọ dò, re, tàbí mí sórí sílébù kọ̀ọ̀kan, màá wá kọ orin náà wò. Ibi tí orin àti ọ̀rọ̀ bá ti kọ ẹ̀yìn síra wọn, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i. Tí ìlà yẹn ò bá ju méjì lọ nínú ẹsẹ kan, mo máa ń ka ẹsẹ náà sókè kí n tó kọ ọ́, kí ìtumọ̀ ti wà létí wọn. Tó bá pọ̀ jù, mo fi orin náà sílẹ̀, mo mú èyí tí Yorùbá fúnra ẹ̀ ṣe, tí ohùn ẹ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Irú ìyẹn pọ̀, pàápàá lára orin kúkúrú tí a fi ń yin Ọlọ́run nínú àdúrà. Lílé àti gbígbè ni púpọ̀ nínú wọn, ẹni tó wà nílé á sì lè gbè é láìrí ọ̀rọ̀ kankan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: máìkì, yàrá, ariwo

Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá. Tí ohùn náà bá dún padà bíi ti balùwẹ̀, ẹ wá aṣọ kọ́: kọ́tìnì, aṣọ ìbora, ẹní lórí táìsì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù tí aṣọ kún inú ẹ̀ sílẹ̀ kó dojú kọ yín. Ẹ pa fáànù. Ẹ fi power bank ṣiṣẹ́ dípò jẹnẹrétọ̀. Àkùkọ aládùúgbò mi nìkan ni mi ò tíì rí nǹkan ṣe sí.

Máìkì oníwáyà tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ, tó wà ní gbogbo ọjà fóònù, ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ há a sí nǹkan bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, kó má fara kan ìlẹ̀kẹ̀ tàbí gèlè tó wá sílẹ̀. Àwọn kan ní bọ́tìnì kékeré tó ní ipò méjì, ọ̀kan fún fóònù, ọ̀kan fún kámẹ́rà. Ẹ wo bọ́tìnì yẹn láràárọ̀. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ó wà níbi tí kò yẹ kó wà, mo sì kọ orin méjì odindi, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mo wá wo ohun tí wọ́n ń kọ, ọ̀kan nínú wọn ti béèrè pé, "Bọ̀dá, ṣé iṣu lẹ̀ ń jẹ ni?" Látìgbà yẹn ni mo ti ń gba ìdajì ìṣẹ́jú sílẹ̀, tí màá sì gbọ́ ọ padà kí n tó wọ láìfù.

Ìlà tó ń fi ariwo hàn nínú ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kan pupa. Ibi tí ẹ bá ti pariwo jù lọ nínú orin, ẹ jẹ́ kó mọ ní -6 dB lórí ìlà yẹn. Ẹ má fi earpiece olówó ńlá dán an wò. Ẹ fi ẹnu fóònù kékeré kan dán an wò lórí tábìlì, torí ohun tí àwọn èèyàn ń lò nìyẹn. Fóònù bẹ́ẹ̀ kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ dùùrù jáde rárá. Gbogbo ohun tí ọwọ́ òsì yín ń tẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Ẹ gbé e gòkè ní ìpele kan, kí ẹ sì dín dùùrù kù títí tí ọ̀rọ̀ orin á fi lé téńté.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: dátà àti ojú òpó

Àwòrán ló ń jẹ dátà. YouTube ní kí èèyàn fi nǹkan bí 4 megabit láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ránṣẹ́ fún àwòrán 720p. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ (megabit mẹ́jọ ló ń di MB kan): wákàtí kan á jẹ 1.8 GB, ogún ìṣẹ́jú á jẹ 600 MB. Lójoojúmọ́! Ohùn nìkan, ní 64 kilobit, ogún ìṣẹ́jú ò pé 10 MB. Ìdí nìyí tí mo fi ń wọ láìfù lórí YouTube pẹ̀lú àwòrán tó mọ níwọ̀n, tí mo sì ń fi ohùn nìkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp lẹ́yìn tí mo bá ti parí. Ohùn yẹn ló ń dé Iléṣà.

Kí YouTube tó gbà yín láyè láti wọ láìfù látorí fóònù, ẹni 50 gbọ́dọ̀ ti subscribe, ìgbà àkọ́kọ́ sì lè gba wákàtí 24 kó tó ṣí. Ẹ má dúró di alẹ́ Sátidé. Lórí Facebook, láti oṣù Kejì 2025, fídíò láìfù kì í wà ju 30 ọjọ́ lọ. Ẹ tètè máa fa tiyín sílẹ̀. Broadcast list ti WhatsApp ò gbà ju ẹni 256 lọ, ẹni tí kò bá sì ní nọ́ńbà yín nínú fóònù ẹ̀ kò ní rí i gbà. Ẹni tó bá ní òun ò rí nǹkan kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn.

Fóònù méjì pọndandan. Ọ̀kan ń gbé ètò jáde: ẹ fi í sí airplane mode, ẹ wá tan Wi-Fi ẹ̀, kó máa gba dátà lára èkejì. Tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á pè yín láàárín àdúrà láti béèrè bóyá ẹ ti jí.

Ọ̀rọ̀ orin lójú fóònù

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ orin síbẹ̀, ẹ fi àmì sí i. Gboard ní Yorùbá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn fọ́ǹtì mìíràn máa ń gbé àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kí wọ́n fi àpótí kékeré rọ́pò ẹ̀. Noto Sans kì í já mi kulẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń dán fọ́ǹtì wò ni "ẹ̀ṣẹ̀". Tí àmì bá ṣubú tàbí tó yí padà lára ẹ̀, ó lè di ẹsẹ̀, ó lè di ẹ̀ṣẹ́, kí ìjọ sì máa tọrọ ìdáríjì nítorí ìkúùkù.

Àdúrà táwọn èèyàn ń béèrè

Kò ní pé oṣù kan tí wọ́n á fi máa kọ̀wé sí yín. Mo ṣe àṣìṣe kan níbí tí mi ò lè gbàgbé. Obìnrin kan ní ká bá òun gbàdúrà ọmọ. Mo ka orúkọ ẹ̀ sórí láìfù pẹ̀lú ayọ̀, mo tilẹ̀ dárúkọ ìlú tó wà. Ẹbí ọkọ ẹ̀ gbọ́. Wọn ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń lọ sọ́sípítù. Ó kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, gbólóhùn méjì péré, kò sì padà wá mọ́.

Báyìí, mi ò ka orúkọ mọ́. Mo máa ń sọ pé "arábìnrin wa kan." Orí WhatsApp tó jẹ́ ti ètò náà nìkan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, èmi àti ìyàwó mi nìkan la ń kà á, mo sì ń pa á rẹ́ tí oṣù bá parí. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ẹ̀sìn mọ́ ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún gidigidi. Ẹ̀rí tí ẹnì kan bá jẹ́ lábẹ́lẹ̀, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu ẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn, ẹ gbàdúrà fún un, kẹ́ ẹ sọ fún un pé kó máa lo oògùn ẹ̀.

Owó

Fún ọdún àkọ́kọ́, ẹ má gba owó. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n. Àmọ́ nọ́ńbà àkáǹtì tó bá jáde láàárín orin, òun ni wọ́n á rántí. Tí ẹ bá wá fẹ́ gba ọrẹ, ẹ lọ forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, lábẹ́ òfin CAMA 2020, kí àkáǹtì jẹ́ ti iṣẹ́ náà. Owó YouTube fúnra ẹ̀ jìnnà díẹ̀: kí ìpolówó tó máa mówó wọlé, ó ń béèrè ẹni 1,000 tó subscribe àti wákàtí 4,000 tí wọ́n ti wò láàárín ọdún kan.

Àwọn oníjìbìtì á da orúkọ àti fọ́tò yín kọ. Ẹ kọ ọ́ sójú òpó yín, kó wà lókè pátápátá: "A kì í béèrè owó nínú inbox." Ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu náà, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí ẹni tí kò lè kàwé ni wọ́n ń wá.

Ọjọ́ tí ara ò bá yá

Ọ̀fìnkìn á mú yín, iná á lọ, a ó lọ síbi òkú. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ gba ètò méjì sílẹ̀, tí kò sí ọjọ́ tàbí déètì nínú ẹ̀, kí ẹ fi pamọ́ sínú fóònù ẹlòmíì tó lè bá yín gbé e jáde. Tí ẹ bá ti lo ọ̀kan, ẹ gba òmíràn dípò ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà.

Méjì ló wà lọ́wọ́ ìyàwó mi báyìí. Nínú ọ̀kan, àkùkọ aládùúgbò yẹn kọ láàárín àdúrà. Mo fẹ́ tún un gbà, mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Iléṣà kó gbọ́ ọ. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé àkùkọ yẹn ló jẹ́ kóun mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.